Táàmù Kẹta Ti Wọlé: Ẹ Lọ Bá Ìròyìn Ilé-Ìwé Ọmọ Yín

Ìsinmi Àjíǹde ti lọ, àwọn ọmọ ti wọ táàmù kẹta, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ níparí oṣù kẹrin, tí yóò sì parí nínú oṣù keje. Táàmù náà ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ohun tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ fún ọmọ pírámárì, àti ohun tó kan ẹni tó bí ọmọ náà.

Kí n tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kó wọ̀ yín létí. Ìròyìn ilé-ìwé kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Ìwé tí hẹ́dímáásítà fi rán ọmọ lọ́jọ́ Ẹtì lè wà nínú báàgì, lábẹ́ abọ́ oúnjẹ, títí di ọjọ́ Ẹtì mìíràn. Ọmọ ọdún méje tí wọ́n ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìpàdé wà, bó bá rí bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà, ìpàdé ti di ìgbàgbé. Àwọn ilé-ìwé kan ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Bódìjà, tí fóònù ọwọ́ rẹ̀ kò ju kó pe ènìyàn kó sì gbà, ìyẹn ò sí lórí WhatsApp. Òbí ló ń lọ bá ìròyìn níbi tó wà. Gbogbo ohun tí mo máa sọ láàárọ̀ yìí, orí èyí ló dúró lé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Pírámárì Kẹfà, ọ̀rọ̀ yín ló kánjú jù. Ìdánwò ló wà níwájú, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní èyí tó fi ń gba ọmọ sí JSS 1. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kọ́mọ́ọ̀nù ẹ́ńtíráǹsì. Àjọ NECO ló ń ṣe ìyẹn, fún ọmọ tó bá fẹ́ wọ King's College l'Ékòó, Queen's College ní Yaba, tàbí àwọn ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ bí ti Ògbómọ̀ṣọ́, ti Òdógbolú, àti ti àwọn ọmọbìnrin ní Ọ̀yọ́. Àwọn ilé-ìwé girama aládàáni náà ní tiwọn. Fọ́ọ̀mù wọn yàtọ̀ síra, ọjọ́ wọn yàtọ̀, ibi tí ọmọ ti máa jókòó ṣe wọ́n yàtọ̀. Òbí tó bá rò pé bí ọmọ òun ti ṣe ọ̀kan, ó ti ṣe gbogbo rẹ̀, oṣù kẹsàn-án lè dé kó tó mọ̀ pé kò sí àyè fún ọmọ náà níbi tó fojú sí.

Nǹkan kan tún wà tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì hẹ́dímáásítà, ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọ yín hàn yín bó ṣe wà nínú rẹ́jísítà. Ọmọ Yorùbá kì í ní orúkọ kan ṣoṣo. Èyí tí bàbá sọ ọ́ wà, èyí tí ìyá àgbà sọ ọ́ wà, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí wà, èyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é tún wà. Bó bá jẹ́ Olúwaṣeun ló wà nínú ìwé ìbí tí àjọ ètò ìkànìyàn fún yín, tí tíṣà sì kọ Ṣeun sí rẹ́jísítà, Ṣeun náà ni yóò wà lórí ìwé-ẹ̀rí Pírámárì Kẹfà rẹ̀. Lónìí, àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí tíṣà fi bírò fà á, kó sì tún un kọ. Bó bá di pé ọmọ náà fẹ́ wọ yunifásítì tàbí kó gba páálí ìrìnnà, ìbúra ní kóòtù àti ìpolongo nínú ìwé ìròyìn ló máa gbà. Ẹ sáré ṣe é.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti kìlọ̀ pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 10 kò gbọdọ̀ ṣe kọ́mọ́ọ̀nù ẹ́ńtíráǹsì. Síbẹ̀ àwọn òbí kan ń ti ọmọ ọdún mẹ́jọ síwájú, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé. Orí rẹ̀ lè pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kékeré bá bá ara rẹ̀ nínú ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, láàárín àwọn tó ti ń bàlágà, ìwé nìkan kọ́ ló máa bá wọ̀yá ìjà níbẹ̀. Ọdún méjì péré tí a fi dúró dè é kò ní pa á lára. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kan ń ti ilé-ìwé bọ́ sí lẹ́sìn ní aago méjì, wọ́n á sì dé ilé ní aago mẹ́fà, kí tíṣà ilé tún tó wá bá wọn lálẹ́. Oorun wà lára ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò. Ọmọ tí kò sùn tó kò lè rántí ohun tó kọ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí oṣù karùn-ún. Ọjọ́ 27 oṣù náà ni Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, bó sì ṣe rí ní Nàìjíríà nìyẹn láti ọdún 1964. Lọ́dún 2026 yìí, kàlẹ́ńdà gbé ọdún Iléyá sí àyíká ọjọ́ yẹn kan náà, ó kù bí oṣù bá ṣe yọ sí. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé yín ọjọ́ tí wọ́n máa kó àwọn ọmọ jáde, ọjọ́ tí ìsinmi máa bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n máa wọlé padà. Ẹ má fi ti ọdún tó kọjá ṣe ìṣirò.

Ẹ̀yin tí wọ́n yan ọmọ yín sínú àwọn tó máa yan bí ológun ní pápá ìṣeré ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, bóyá ní pápá Lekan Salami ní Adamásìngbà n'Íbàdàn níbí ni o, bóyá ní ìlú yín, mo bá yín yọ̀. Inú ọmọ máa ń dùn sí i gidi. Kò sí ọmọ tó gbàgbé ọjọ́ tó kọjá níwájú gómìnà tàbí alága ìjọba ìbílẹ̀ tòun ti ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ohun tí òbí ní láti mọ̀ ni pé ìdánrawò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, inú oòrùn ló sì máa ń wáyé. Ẹ fún ọmọ ní omi tó pọ̀. Ẹ rí i pé ó jẹun kó tó jáde. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára nǹkan tí kò ní bọ́ lára rẹ̀. Ẹ mọ orúkọ tíṣà tó ń kó wọn lọ, kí ẹ sì mọ ibi tí ọkọ̀ máa já wọn sí nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Bí ọmọ bá ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde tàbí ikọ́ fée, ẹ sọ fún tíṣà, kó yọ ọ́ kúrò lórí ìlà. Ìtìjú kò sí nínú ìyẹn.

Ọjọ́ kan tún wà nínú oṣù kẹfà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ 16 ni, Ọjọ́ Ọmọ Ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́jọ́ náà lọ́dún 1976, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ tú síta ní Soweto, lórílẹ̀-èdè South Africa, nítorí ìjọba aláwọ̀ funfun ìgbà náà ní dandan, èdè Afrikaans ni wọ́n máa fi kọ́ wọn ní ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ọmọ náà kọ̀. Ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn. Hector Pieterson, ọmọ ọdún 12, wà lára àwọn tó kú. Lọ́dún 1991 ni àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ náà ṣe ìrántí wọn. Ó pé 50 ọdún gééré lọ́dún yìí. Mo rọ ẹ̀yin tíṣà, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ ní àpéjọ àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọmọ Pírámárì Kẹrin tó gbọ́ pé ẹgbẹ́ òun kú nítorí èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni máa bi yín ní ìbéèrè tó jinlẹ̀.

Ìbéèrè náà kan àwa náà. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó àwọn ọmọ pírámárì jọ, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dájú ló sì ń kọ́ wọn. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún un, wọ́n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn nǹkan inú sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ní kò ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà náà, òfin ń lọ, òfin ń bọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin kan tí gómìnà fọwọ́ sí lọ́dún 2018 sọ Yorùbá di iṣẹ́ dandan ní gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo pírámárì máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rò pé ìgbésẹ̀ yẹn kò dára, mo sì ń sọ ọ́ láìfi bò. Wọn ò fún ètò náà ní tíṣà, wọn ò fún un ní ìwé, wọ́n wá ní kò ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tó ní kí ẹ má sọ Yorùbá nílé. Kò sí èyí tó ní kí ẹ má ra ìwé ìtàn Yorùbá kan fún ọmọ ní táàmù yìí, kí ẹ sì jẹ́ kó máa kà á fún yín kó tó sùn. Ẹ jókòó tì í ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kó ka àmì ohùn, kó ṣì í kà, kó tún un kà. Ọmọ tó bá ti mọ bí a ṣe ń ka ìwé ní èdè kan ti mọ ìwé í kà nìyẹn, yóò wulẹ̀ gbé e lọ sínú èkejì ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé-ìwé aládàáni tó ń ṣe ọjọ́ àṣà, ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Aṣọ òfì àti fìlà dára lọ́mọ lára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé kan náà bá ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó sọ Yorùbá lọ́jọ́ kejì, ẹ dìde níbi ìpàdé kí ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́.

Ìlera wà nínú ìròyìn táàmù yìí pẹ̀lú. Òjò ti dé, ẹ̀fọn ti dé tẹ̀lé e. Ẹ ṣọ́ ọmọ tó bá ní orí ń fọ́ òun láàárọ̀, kí ẹ má sọ pé ilé-ìwé ni kò fẹ́ lọ. Ẹ bá ilé-ìwé yín wo ojú gọ́tà tó wà níwájú géètì àti ògiri tó ti la. Òjò ló máa ń wó irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ HPV wá ńkọ́? Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ọmọ máa gbà á. Ó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, àìsàn tó ń pa àwọn ìyá wa. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wa tó wà ní Pírámárì Kẹrin sí Kẹfà ló ti tó o gbà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ kiri pé ó ń jẹ́ kí ọmọ yàgàn. Irọ́ ni. A ń fún ọmọ kó tó dàgbà nítorí pé ìgbà yẹn ni abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ jù lọ, kí kòkòrò náà tó bá a pàdé. Bí ìwé àṣẹ bá ti ilé-ìwé wá, tí ẹ sì ní ìbéèrè, ẹ gbé ìbéèrè náà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ní ìbùdó ìlera alábọ́ọ́dé. Ẹ má ya ìwé náà.

Mo wá dé ibi tó ká mi lára jù, ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń pè é ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta táàmù. Ìdá díẹ̀ nínú òbí ló máa ń wá, ìyá ló sì máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ mi o. Ẹ̀ ń rán ìyàwó, ẹ̀ ń rán dírẹ́bà, ẹ̀ ń rán àbúrò tó wá kí yín láti Ìsẹ́yìn. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Ẹni tí ẹ rán á mú iye owó tí wọ́n bù bọ̀ wálé. Kò ní mú u bọ̀ pé tíṣà ní ọmọ yín kì í rí ohun tó wà lójú pátákó mọ́, pé ó yẹ kí ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò.

Ọ̀rọ̀ owó náà ní ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kí òbí mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Iye ọmọ tó wà ní kíláàsì fò sókè kọjá 800,000 lọ́dún yẹn. Òfin UBE ọdún 2004 wá sọ ọ́ di ti gbogbo Nàìjíríà: ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án, pírámárì àti girama kékeré, ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ yín ní pírámárì ìjọba. Owó tí ẹ̀yin òbí bá fẹnu kò sí pé ẹ fẹ́ dá, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ dá a bí agbára yín bá ká a, kí ẹ gba rìsíìtì, kí akọ̀wé sì ka bí wọ́n ṣe ná ti táàmù tó kọjá sétí gbogbo ènìyàn. Wọn ò sì gbọdọ̀ lé ọmọ sílé nítorí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ òrùlé ló ṣí, tàbí àga ni kò tó, owó wà tí ìjọba àpapọ̀ máa ń kó sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ lábẹ́ òfin yìí kan náà, ìpínlẹ̀ sì ní láti mú tirẹ̀ wá kó tó lè gbà á. Àjọ SUBEB, tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, ló ń ná an. Ìpàdé òbí lè kọ lẹ́tà sí wọn, kí wọ́n fi fọ́tò òrùlé náà sí i, kí alága, akọ̀wé, hẹ́dímáásítà àti àwọn òbí fọwọ́ sí i. Lẹ́tà tí 60 òbí fọwọ́ sí lágbára ju ẹjọ́ tí ènìyàn kan ń rò ní ìdí ọkọ̀.

Ní ti ayẹyẹ ìparí ọdún, kúkúrú ni tèmi. Ẹ bá ọmọ yín yọ̀, ẹ se ìrẹsì, ẹ ya fọ́tò. Ẹ má yá owó ra kóòtù àti fìlà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fún ọmọ tó ń ti jẹ́lé-ó-sinmi bọ́ sí Pírámárì Kìíní. Owó ìwé oṣù kẹsàn-án ni owó yẹn. Ẹ̀yin olùdásílẹ̀ ilé-ìwé, ẹ má sọ ọ́ di dandan.

Èsì ìdánwò ni yóò kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nínú oṣù keje. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, máàkì táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n máa ń pa pọ̀ kí wọ́n tó mọ ẹni tó yege láti lọ sí kíláàsì tó kàn. Bí ọmọ bá ti ń fà sẹ́yìn ní táàmù méjì tó kọjá, ìsinsìnyí ni ẹ ṣì lè ṣe nǹkan sí i. Ẹ lọ bá tíṣà, ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ni kò yé e, kí ẹ sì ní kó ṣí ìwé àmúrelé rẹ̀ fún yín láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ má dúró de káàdì. Ẹ má sì na ọmọ nítorí ipò tó gbé nínú kíláàsì kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́la, bí ẹ bá ń mú ọmọ lọ, ẹ má dúró ní géètì. Ẹ wọlé, ẹ kí tíṣà rẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì wá.